Ìlẹ̀kùn Ìyá Mi

Inú àpótí ni bàlúù wa ti dé,
àpótí gbọọrọ méjì tí ọkọ̀ ojú omi já sílẹ̀ ní Sanday,
erékùṣù tí igi kì í dàgbà, nítorí afẹ́fẹ́.
Erlend bàbá mi fi katakata wọ́ wọn wálé.
Ó kó màlúù kúrò nínú ilé wọn,
ó fọ ilẹ̀ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òórùn kò lọ.
Ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀. Òórùn kì í wúwo."

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí.
Èmi ni mo ń di irin mú lẹ́yìn páànù apá, nínú òkùnkùn,
kí ìṣó tí ó ń lù níwájú
lè hu orí kejì lọ́dọ̀ mi.
Gbàà. Ó dáa.
Gbàà. Ó dáa.
Gbàà. Ó wọ́. Yọ ọ́.
Ẹgbàafà ìṣó, ẹgbàá méjìlá orí.
Etí mi ṣì ń hó dòní.

Ní Kejìlá, aago mẹ́ta ọ̀sán, ilẹ̀ ti ṣú.
Iná tí màlúù fi ń bímọ tẹ́lẹ̀ la fi ń ṣiṣẹ́.
Òtútù kò jẹ́ kí gọ́ọ̀mù gan,
ni Isbel ìyá mi bá gbé ṣóńṣó apá méjèèjì wọ ilé ìdáná:
búrẹ́dì ń wú lápá kan ààrò,
bàlúù ń gan lápá kejì.

Wọ́n ti fi irin pààrọ̀ egungun ìbàdí rẹ̀ ní Aberdeen.
Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fẹ́ gùn ún wò,
ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé, tòsì kọ̀.
Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á máa juwọ́ sí wa láti ilẹ̀.
Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín.
Lóru, ó fi ẹfun fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ bàlúù,
àtẹ́lẹwọ́ kan àti ìka méjì sísàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀gbẹ́ni Drever, tó ń yẹ iṣẹ́ wò, dé láti Kirkwall.
Ó wo ìlà náà títí tíì rẹ̀ fi tutù.
"Erlend, ibi tí o fẹ́ gé yìí, òun ni ẹ̀yìn gbára lé."
"Mo mọ̀."
"Ohun tó ń fò kò gbọdọ̀ fọ́."
"Mo mọ̀."
"Ṣe bí o ra àpótí ìtìsẹ̀ fún un."
"Ibi tí a bá bà sí ńkọ́?
Ta ni yóò gbé àpótí pàdé wa?"

Ìwé lọ, ìwé bọ̀, oṣù mẹ́rìnlá.
Wọ́n ní kó ṣírò, ó ṣírò.
Wọ́n ní kó dán an wò,
a kó iyanrìn etíkun sínú àpò, a tò ó lé e
títí irin fi kérora. Kò tẹ̀.
Ó ti fi ọ̀pá irin há abẹ́ ibi tó gé,
ọ̀pá náà sì wọn kílò méjì ààbọ̀.

A yá òṣùwọ̀n ilé ìwẹ̀ mẹ́ta, lọ́dọ̀ aládùúgbò mẹ́ta,
táyà kọ̀ọ̀kan lórí tirẹ̀.
Bàlúù sanra ju bí ìwé ṣe fẹ́.
Ó yọ kápẹ́ẹ̀tì. Ó ha ọ̀dà pupa kúrò lára ìrù.
Ó tún wọ̀n ọ́n.
Ó yọ tìmùtìmù,
tirẹ̀ nìkan.

Ní Karùn-ún, ìyá mi wá.
Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé.
Tòsì dúró díẹ̀, bí ọmọ màlúù lẹ́nu géètì tuntun,
ó wọlé.
Ìlẹ̀kùn náà pa dé, kẹ́.

Wọn kò fò lọ́jọ́ yẹn.
Afẹ́fẹ́ ń ti ìwọ̀ oòrùn fẹ́ bọ̀ burúkú.
Wọ́n jókòó sínú ibẹ̀, ẹ́ńjìnnì ò ṣiṣẹ́,
wọ́n ń mu tíì, wọ́n ń wo ògiri ilé màlúù
bí ẹni ń wo òkun láti òkè.
Ìyá mi kan fèrèsé,
ó ní kí n gbé ṣúgà wá.
Bàbá mi ní, "Ṣíbí kan péré o.
Ó wúwo."